Ọ̀pọ̀ àdàkọ ni í pa ìwé mọ́: ìtàn kan láti ilé ìkàwé Stanford

Ọ̀nà jíjìn ni ìtàn tòní ti wá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá ọdún 1989, ilẹ̀ mì tìtì ní California, ní Amẹ́ríkà. Ó ba apá àtijọ́ ilé ìkàwé ńlá Yunifásítì Stanford jẹ́ débi pé ọdún 1999 ni wọ́n tó tún un ṣí. Kí wọ́n tó tún ògiri náà ṣe tán, ewu mìíràn ti yọjú sí ìwé wọn.

Tẹ́lẹ̀, bí ilé ìkàwé bá ra jọ́nà, ìyẹn ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn onímọ̀ ń kọ ìwádìí wọn sí, tirẹ̀ ni títí láé. Bí ilé ìtẹ̀wé tilẹ̀ kógbá sílé, ìwé ṣì wà lórí pẹpẹ. Bí iná bá sì jó ilé ìkàwé kan, ti ibòmíràn ń bẹ. Nígbà tó di 1995, Stanford wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé jọ́nà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, nípasẹ̀ HighWire Press tí ilé ìkàwé wọn dá sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni nǹkan ti yí padà. Orí sẹ́fà ni jọ́nà ń gbé báyìí, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí kì í sùn, tí àwọn kọ̀ǹpútà yòókù ń lọ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé ìkàwé wá dà bí ayálégbé. Bí onílé bá pa sẹ́fà rẹ̀, èyí tí wọ́n ti sanwó rẹ̀ pàápàá lè bá a lọ.

Victoria Reich, òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé Stanford, àti David Rosenthal, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, jọ ronú sí i. Ní 1999 wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n pè ní LOCKSS. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni pé ọ̀pọ̀ àdàkọ ni í pa nǹkan mọ́. Ilé ìkàwé 6 ni wọ́n kọ́kọ́ fi dán an wò, nígbà tó sì di 2004, iṣẹ́ náà ti dúró dáadáa.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ilé ìkàwé kọ̀ọ̀kan gbé kọ̀ǹpútà olówó pọ́ọ́kú kan kalẹ̀, ó sì ń gba àdàkọ jọ́nà tó ti sanwó fún, pẹ̀lú àṣẹ ilé ìtẹ̀wé. Lóòrèkóòrè, àwọn kọ̀ǹpútà náà ń bi ara wọn léèrè bí àdàkọ kálukú ṣe rí. Èyí tí tirẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ yóò mọ̀ pé tòun ló bàjẹ́, yóò sì gba èyí tó pé lọ́dọ̀ àwọn yòókù. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó máa lọ díẹ̀díẹ̀, kí ọ̀bàyéjẹ́ kan má baà yí gbogbo rẹ̀ padà kí a tó fura.

Ó sì wúlò. Jọ́nà kan wà tó ń jẹ́ Graft, tó dá lórí pípààrọ̀ ẹ̀yà ara fún aláìsàn. Ilé ìtẹ̀wé rẹ̀ kò ṣe é mọ́. Ní 2008, CLOCKSS, tí wọ́n gbé ka orí ọgbọ́n LOCKSS, ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé láti kà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ilé. Ní Kétu, Baba Ẹlẹ́gùn ló ń rántí ìtàn àwọn ọba, tó sì ń sọ ọ́ síta nígbà tí ọba tuntun bá jẹ. Ní 1886, Dàhọ̀mì fọ́ Kétu, wọ́n sì kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú. Ìgbà tó di 1894 ni ìlú tún dìde. Bí ìtàn wa bá wà lórí ahọ́n ẹnì kan ṣoṣo, ogun bẹ́ẹ̀ ì bá gbé e lọ pátápátá.

Lónìí, inú fóònù kan ṣoṣo ni ohùn ọ̀pọ̀ àgbà wa wà. Àwọn mìíràn gbé e sórí ojú ewé bí èyí, wọ́n ní ó ti wà láìléwu. Sẹ́fà onílé ni èyí náà o! Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Ẹ fi àdàkọ kan sí ilé ẹ̀kọ́ ìlú yín, ẹ fi òmíràn ránṣẹ́ sí ọmọ yín ní Lomé tàbí ní Kútọnù. Ta ni àgbà tí ohùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín, ibi mélòó ni ẹ sì fi í pa mọ́ sí? Ẹ sọ fún wa.