Wàrà tó ń ṣòfò ní gáà: ibi tí iṣẹ́ wà fún ọ̀dọ́

Tí ẹ bá gbọ́ mílíìkì, ti inú agolo tàbí ti inú ọ̀rá tí à ń dà sí tíì ló máa kọ́kọ́ sọ sí yín lọ́kàn. Òkè òkun ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá, bẹ́ẹ̀ màálù kún ilẹ̀ wa. Ní oṣù Kejì ọdún 2020, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà ní ilé-iṣẹ́ mẹ́fà péré ló lè máa rí dọ́là gbà láti kó mílíìkì wọlé, kí wọ́n lè gbájú mọ́ ti abẹ́lé. Àmọ́ àṣẹ nìkan ò lè fún wàrà lọ́mú màálù.

Lójú tèmi, ẹni tó bá fẹ́ wọ iṣẹ́ yìí kò ní láti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú màálù rírà. Ibi tí wàrà ti ń ṣòfò ni kó kọ́kọ́ wò. Mo to mẹ́rin síbí.

1. Ìtutù. Nínú ooru wa, wàrà tí wọ́n fún láàárọ̀ lè kan kó tó dalẹ́. Ó yẹ kó wà ní nǹkan bíi dígírì 4, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ gáà ni kò ní iná. Ìdí nìyẹn tí àwọn obìnrin Fúlàní fi ń yára fi ewé bomubomu mú un dì, tó fi di wàrà tí à ń dín jẹ. Ẹ̀rọ amútutù tó ń lo oòrùn, pẹ̀lú ọ̀kadà tó ń kó wàrà jọ láràárọ̀, yóò wúlò gan-an.

2. Oúnjẹ ẹ̀ẹ̀rùn. Tí koríko bá gbẹ, ọmú màálù náà á gbẹ. A lè gé eèsún nígbà òjò, ká gé e wẹ́wẹ́, ká kì í mọ́ inú ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ ò lè wọ̀, kó pẹ́ di ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn olùwádìí ILRI ní Ìbàdàn sì ti fi hàn pé èèpo ẹ̀gẹ́ tó ń jẹrà nídìí ìgaàrí ṣeé sọ di oúnjẹ ẹran.

3. Irú màálù. Màálù funfun Fúlàní sábà máa ń fún ní nǹkan bíi lítà 1 sí 2 lóòjọ́. Holstein ti òyìnbó lè lé ní 20, ṣùgbọ́n ooru àti àrùn ń bá a jà. Àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi àtọ̀ akọ irú òyìnbó sínú abo tiwa kò tó.

4. Àyẹ̀wò. Wàrà tí a ò sè lè gbé ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ẹni tó lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n bu omi sí i, tó sì lè sè é dáadáa, ni oníbàárà máa fọkàn tán.

Báwo lẹ ṣe máa mọ ìṣòro tó jẹ́ òótọ́? Ẹ má béèrè pé “ṣé ẹ fẹ́ fíríìjì?” Ta ló máa ní òun ò fẹ́? Ẹ béèrè pé: lítà mélòó lẹ fún lánàá? Mélòó lẹ tà? Níbo ni ìyókù wà?

Àwọn obìnrin sì ni kẹ́ ẹ bi. Ní ọ̀pọ̀ ilé Fúlàní, ọkọ ló ni agbo ẹran, ṣùgbọ́n ìyàwó ló ni owó wàrà. Tí ẹ̀rọ yín bá kó wàrà lọ sí ilé-iṣẹ́, tí owó wá ń bọ́ sọ́wọ́ ọkọ, ẹ ti gba oúnjẹ lẹ́nu ìyá àti ọmọ nìyẹn, iye lítà ì báà pọ̀ tó ọ̀sà.