Òrùka àpòlúkù àti òkèlè kékeré: ìtàn kan tó kan ilé wa

Ìtàn tí a mú wá lónìí kì í ṣe ìtàn ọba, kì í ṣe ìtàn ogun. Ìtàn àwo oúnjẹ ni, ṣùgbọ́n ó kan ilé wa ju bí a ṣe rò lọ.

Ohun tó fà á nìyí. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan tó ń gbé ní Faransé wá sílé fún ìkómọ. Ara wọn ti fúyẹ́ gan-an. A gbé ìyán kalẹ̀ fún wọn, àwo kún dé ẹnu. Wọ́n bu òkèlè mẹ́ta, wọ́n dúró. Ni àwọn ìyá wa bá bẹ̀rẹ̀: «Ṣé oúnjẹ wa ò dára mọ́ ni? Àbí àwọn òyìnbó ti bà ọ́ lẹ́nu jẹ́?» Ojú tì wọ́n, wọ́n bá tún bu òkèlè mẹ́rin sí i, kíákíá, kí inú àwọn àgbà lè dùn. Kò pẹ́, wọ́n dìde, wọ́n bọ́ sẹ́yìn ilé, wọ́n bì. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn kan ti ń sọ pé oyún ni, àwọn kan ní àìsàn burúkú ni. Àwa náà wà lára àwọn tó ń sọ pé «ẹ jẹun, ẹ jẹun». Ọjọ́ kejì ni wọ́n pè wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí wọ́n sọ fún wa pé òrùka wà ní àpòlúkù àwọn, ohun tí wọ́n ń pè ní «anneau gastrique» ní Faransé. Ẹnu yà wá. A lọ kàwé nípa rẹ̀, ohun tí a rí kà la fẹ́ sọ fún yín.

Ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní 1954, Arnold Kremen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Minnesota kọ̀wé nípa iṣẹ́ abẹ kan tó gé ọ̀nà ìfun kúrú. Oúnjẹ yóò fo apá tó pọ̀ nínú ìfun, ara kò ní ráyè fà á mu tán. Èrò àwọn tó tẹ̀ lé ọ̀nà yẹn ni pé ẹni tó sanra jù lè máa jẹun bó ṣe ń jẹ tẹ́lẹ̀, kó sì máa fọn. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ara san gbèsè rẹ̀: ìgbẹ́ gbuuru tí kò dáwọ́ dúró, òkúta inú kíndìnrín, ẹ̀dọ̀ tó ń bàjẹ́. Àwọn kan tilẹ̀ kú. Nígbà tó yá, wọ́n pa á tì.

Ní Yunifásítì Iowa, dókítà kan tó ń jẹ́ Edward Mason gba ọ̀nà mìíràn. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn obìnrin tí wọ́n gé apá kan àpòlúkù wọn nítorí ọgbẹ́ inú máa ń fọn, wọn kì í sì í sanra padà bọ̀rọ̀. Ní 1966, òun àti Chikashi Ito bẹ̀rẹ̀ sí í ya apá kékeré sọ́tọ̀ lókè àpòlúkù, tí wọ́n sì so ó mọ́ ìfun. Ẹ kíyè sí ìyípadà yìí, torí orí rẹ̀ ni gbogbo ìyókù dúró lé. Àwọn ti àkọ́kọ́ fẹ́ kí ènìyàn máa jẹ púpọ̀, kí oúnjẹ sì ṣòfò nínú ìfun. Mason ní kí ohun tí ènìyàn ń jẹ gan-an kéré.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ Mason ní gígé àti rírán nínú, ewu rẹ̀ kò kéré láyé ìgbà yẹn. Àwọn kan wá bi ara wọn pé: ṣé a ò lè fún àpòlúkù lọ́rùn láì gé e? Ní 1978, Wilkinson ní ìpínlẹ̀ New Mexico fi aṣọ àwọ̀n oníke dì í lókè. Àwọ̀n yẹn kò ṣeé tú, kò sì ṣeé fún. Bí ó bá le jù, àfi kí wọ́n tún la ikùn. Ní 1985, Hallberg àti Forsell ní Sweden kọ̀wé nípa òrùka tó ní bàlúù nínú. Ní 1986, Lubomyr Kuzmak, ọmọ Ukraine tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ní New Jersey, gbé irú rẹ̀ jáde pẹ̀lú sílíkónì. Ọ̀pá tín-ín-rín kan so bàlúù náà mọ́ ojú ihò kékeré kan tó fara pamọ́ sábẹ́ awọ ikùn. Dókítà yóò gún un ní abẹ́rẹ́, yóò fi omi oníyọ̀ sí i kí òrùka fún, tàbí kó fà á jáde kó dẹ̀. Ẹ rántí okùn ṣòkòtò wa: a ń fà á, a ń dẹ ẹ́, láì tú ṣòkòtò ká.

Ibi tí ìtàn yìí ti dùn mọ́ wa jù ni Bẹ́ljíọ̀mù. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án ọdún 1993, ní ìlú Huy, Mitiku Belachew fi òrùka tó ṣeé fún yìí sí ara aláìsàn láì la ikùn rẹ̀. Ihò kéékèèké ló dá sí i, ó fi kámẹ́rà tín-ín-rín wo inú. Wọ́n ka iṣẹ́ yẹn sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ lágbàáyé. Ta ni Belachew? Ọmọ Etiópíà ni, ó da ẹran nígbà èwe rẹ̀ kó tó ráyè lọ síléèwé. Àwa tí a ń kọ́ ọmọ, a kì í ka irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ká má sọ ọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì. Láti ibẹ̀ ni òrùka ti tàn ká Yúróòpù. Ní 2001, ìjọba Amẹ́ríkà náà fọwọ́ sí i.

Ó wá kan oúnjẹ fúnra rẹ̀. Àpòlúkù àgbàlagbà lè gba bíi lítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Apá tó wà lókè òrùka kì í sábà ju mílílítà 15 sí 30 lọ, ìyẹn ṣíbí ọbẹ̀ kan sí méjì. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ dókítà kọ́kọ́ gbà pé ńṣe ni oúnjẹ ń kún síbẹ̀ bí omi tí a sé, tó sì ń ro jáde díẹ̀díẹ̀. Paul O'Brien, Paul Burton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Melbourne, ní Ọsirélíà, wò ó dáadáa, wọ́n rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Bí òkèlè bá kéré, tí a sì jẹ ẹ́ kúnná, ọ̀nà ọ̀fun á fún un léraléra, ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹfà, á sì kọjá láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Bó ṣe ń gba abẹ́ òrùka kọjá yìí ló ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé ebi ti lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ki oúnjẹ bọlẹ̀ kíákíá kò jẹ́ kí òrùka ráyè ṣiṣẹ́. Ńṣe ni oúnjẹ yóò há, àyà á fún un, yóò sì bì.

Láti inú ìmọ̀ yìí ni òfin àwo wọn ti jáde. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, nǹkan olómi ni fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì: omi ọbẹ̀, wàrà, ẹ̀kọ mímu. Lẹ́yìn náà ni oúnjẹ lílọ̀, tí rírọ̀ sì tẹ̀ lé e, kó tó kan èyí tó le. Ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ló ní kàlẹ́ńdà tirẹ̀. Nígbà tí ara bá ti mọ́lẹ̀, ìwọ̀n tí àwọn ará Melbourne ń kọ́ni ni ìdajì ife, bíi mílílítà 125, lẹ́ẹ̀kan ìjókòó. Kí òkèlè kéré, kí a jẹ ẹ́ títí yóò fi kúnná, kí a dúró bí ìṣẹ́jú kan kí a tó bu òmíràn. Ẹja, ẹyin tàbí ẹ̀wà ni ká kọ́kọ́ jẹ, torí ara nílò wọn jù, àyè kò sì pọ̀. Kí a má fi omi sin oúnjẹ. Nígbà tí ebi bá ti lọ, kí a dúró, bí oúnjẹ tilẹ̀ ṣẹ́ kù.

Àwọn nǹkan tó máa ń há jù ni búrẹ́dì tútù àti ẹran líle. Ẹ jẹ́ ká ronú nípa ìyán àti ọkà tẹ́líbó tiwa. A kì í rún wọn lẹ́nu, gbígbé mì ni. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa láti kékeré nìyẹn, ọmọ tó bá ń rún ìyán lẹ́nu, wọn á fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí a kà sí ìwà ọmọlúàbí nídìí àwo gan-an ló lòdì sí òrùka. Nígbà tí a mọ èyí ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n wa lẹ́yìn ilé ṣẹ̀ṣẹ̀ yé wa.

Ṣé òrùka wá ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an? Ní Sweden, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ńlá kan ní 1987, wọ́n tẹ̀ lé ènìyàn 4047, bíi ìdajì wọn ṣe iṣẹ́ abẹ, ìyókù kò ṣe é. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2007 fi hàn pé ikú kéré láàárín àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ. Àwọn tó ní òrùka pàdánù nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 ìwọ̀n ara wọn láàárín ọdún kan sí méjì. Nígbà tó pé ọdún 10, ó ku 14. Àwọn tó ṣe irú ti Mason dúró sí 25. Òrùka ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n apá kan ohun tó lọ padà wá.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Òrùka kì í dá oúnjẹ olómi dúró. Omi dídùn, áísìkirimù, ṣokoléètì tó yọ́, gbogbo wọn ń yọ̀ kọjá wẹ́rẹ́. Ẹni tí òrùka rẹ̀ bá fún jù, tí ẹja àti ẹ̀fọ́ ń há a lọ́fun, yóò sá lọ bá àwọn yẹn, yóò sì tún sanra. Òrùka tún lè yẹ̀ kúrò láyè rẹ̀, pàápàá fún ẹni tó ń bì lemọ́lemọ́, tàbí kó jẹ wọ inú àpòlúkù. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti yọ ọ́ lára wọn. Lónìí, èyí tó wọ́pọ̀ jù ní Faransé ni kí wọ́n gé bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àpòlúkù dànù, kí èyí tó kù rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí apá aṣọ. Òrùka ṣeé yọ, èyí tí wọ́n gé kò ṣeé dá padà. Àwo kékeré àti sùúrù kò kúrò nínú èyíkéyìí wọn.

A ò kọ èyí láti sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó lọ ṣe é tàbí kó má ṣe é. Ẹni tí òrùka wà lára rẹ̀ ní dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀. Bí kò bá lè gbé itọ́ tàbí omi mì mọ́, tàbí tí èébì kò dáwọ́ dúró, kó sáré lọ sí ilé ìwòsàn, kó má jókòó sílé máa mu àgbo.

Àwa tí a wà nídìí àwo la ń bá wí. Nílẹ̀ wa, oúnjẹ ni ìfẹ́, bí a bá bu púpọ̀ fún ènìyàn, a ń sọ pé a mọ iyì rẹ̀ ni. Ìwà tó dára ni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà náà ló sọ pé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Bí ọmọ wa bá ti òkè òkun dé, tó ní ó ti tó, ẹ jẹ́ kó tó. Ẹ má béèrè ìdí lójú gbogbo ènìyàn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í fẹ́ sọ ọ́, wọ́n ń bẹ̀rù ẹ̀sín, wọ́n sì fẹ́ bá wa jókòó jẹun.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n wa tún wá, ìyá wa fúnra wọn ló bu ẹja àti ẹ̀wà sí àwo kékeré, wọ́n gbé e fún wọn láì sọ̀rọ̀. Wọ́n jẹ ẹ́ tán. Wọ́n pẹ́ nídìí rẹ̀ ju gbogbo wa lọ, a sì dúró tì wọ́n.

Oúnjẹ kò ní pa wá lára o. Ó dìgbà kan ná.