Òǹwòran Ló Yí Padà

Bí àwọn àgbà ọkùnrin Kumasi bá ń sọ̀rọ̀ nípa sinimá, ibì kan náà ni ọ̀rọ̀ wọn máa ń já sí: ilé sinimá ti kú, ohun tó wu àwọn èèyàn ti yí padà, àwọn tòde òní kò mọ ohun tó dára mọ́. Irú ọ̀rọ̀ kan náà là ń gbọ́ ní Èkó àti Ìbàdàn. Ní Agége, Pen Cinema ti di orúkọ ibùdókọ̀ àti afárá. Ọ̀pọ̀ èrò tó ń bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ kò wo fíìmù kankan níbẹ̀ rí. Mo gbà pé nǹkan ti yí padà. Àmọ́ ta ni "àwọn èèyàn" tí wọ́n ń sọ yìí? Ta ló ráyè wọlé nígbà náà, ta ló sì wà níta?

Àdúgbò Zongo ni Aboabo, nínú Kumasi. Hausa, Dagomba, Mossi, Kotokoli àti àwa Yorùbá tí àwọn Asante ń pè ní Alata la jọ ń gbé ibẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kó jáde ní Ghana, ọ̀pọ̀ Yorùbá sì lọ. Ìdílé wa wà lára àwọn tó padà wá nígbà tó yá.

Nínú ilé wa, àwọn ọkùnrin ló ní ìtàn sinimá láti sọ. Wọ́n á sọ nípa fíìmù kọ́bọ́ì Amẹ́ríkà àti ti kúnfú Hong Kong, àmọ́ ti India ló ń mú ojú wọn tàn, pàápàá Mother India tó jáde ní 1957. Wọn kò gbọ́ Hindi. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń fi ìyà tọ́ ọmọ, tí olówó-èlé sì dó tì í lọ́rùn, kò nílò ògbufọ̀ kí ará Zongo tó mọ̀ ọ́n. Wọ́n ń bá òṣèré kọrin, wọ́n ń bú ọ̀dájú inú fíìmù, bí fíìmù bá sì já, wọ́n á pariwo mọ́ ẹni tó ń yí i.

Ìyá wa àgbà kò ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Alẹ́ ni wọ́n ń fi fíìmù hàn, ọmọbìnrin tí wọ́n bá sì rí lẹ́nu ọ̀nà ilé sinimá, orúkọ burúkú ló ń gbà lọ sílé. Sinimá kan ṣoṣo tí wọ́n mọ̀ nígbà èwe wọn ni ti ọkọ̀ ìjọba. Láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì ni ìjọba Gold Coast ti ń rán ọkọ̀ sinimá káàkiri. Ìta gbangba ni wọ́n ń na aṣọ funfun sí, ọ̀fẹ́ ni, obìnrin lè pọn ọmọ lọ wò ó kí ẹnikẹ́ni má sì fi ojú burúkú wò ó.

Kí ló wá pa ilé sinimá? Lẹ́yìn ìfipágbàjọba ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1981, ìjọba Rawlings kéde kónílé-ó-gbélé tó wà títí di 1984. Òwò alẹ́ ni sinimá. Nígbà tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn òru, kí ló kù? Owó òkèèrè tí wọ́n fi ń ra fíìmù náà wọ́n bí ojú. Ní Nàìjíríà, ẹ̀rù adigunjalè àti ìṣubú náírà lẹ́yìn 1986 ṣe irú iṣẹ́ yẹn kan náà. Kò sẹ́ni tó bi òǹwòran léèrè bóyá sinimá ti sú u.

Ọ̀nà ẹ̀yìn ni fídíò gbà wọlé. Ní 1987, William Akuffo gbé Zinabu jáde, fíìmù tó fi kámẹ́rà fídíò yà: àjẹ́ kan sọ mẹkáníìkì tálákà di olówó, ó sì fi àdéhùn dè é pé kò gbọ́dọ̀ bá obìnrin lò pọ̀. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ fíìmù fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Òǹwòran rọ́ lọ síbẹ̀. Láìpẹ́, kásẹ́ẹ̀tì wọ inú ilé, inú ilé sì ni àwọn obìnrin wà.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, pálọ̀ aládùúgbò wa kan ni ilé sinimá wa. Lẹ́yìn ìrun Iṣái, àwọn obìnrin á gbé àpótí wá, wọ́n á dá fíìmù dúró láti jiyàn: ìyàwó ló jẹ̀bi ni, àbí ìyá ọkọ? Bí kásẹ́ẹ̀tì Yorùbá bá dé láti Èkó, ìyá mi ló ń túmọ̀ rẹ̀ sí Hausa fún gbogbo pálọ̀. Orogún, ẹbí ọkọ, wòlíì èké, owó ẹ̀jẹ̀: àwọn ìtàn wọ̀nyí ni àwọn tó ń ṣe fíìmù rí i pé wọ́n ń tà, lára wọn ni àwọn ará Kumasi tó ń ṣe é ní Twi, tí a wá ń pè ní Kumawood. Òótọ́ ni pé obìnrin ni wọ́n sábà máa ń sọ di àjẹ́ níbẹ̀. Àwọn ìyá pálọ̀ wa rí i, wọ́n sì ń bá fíìmù náà jà. Ohun tí àwọn bàbá wa ń pè ní àìmọ ohun tó dára, ohun tó wu àwọn tí ẹnikẹ́ni kò bi léèrè rí ni.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, Adom TV bẹ̀rẹ̀ sí í fi Kumkum Bhagya hàn, eré India tí wọ́n fi ohùn Twi sí. Àwọn oníṣẹ́ Kumawood fárígá pé ó ń gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn. India tí àwọn ọkùnrin ń lọ bá nílé sinimá ti wá bá àwọn obìnrin nínú yàrá. Àwọn ilé fídíò kéékèèké àdúgbò sì ti di ibi wíwo bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ọkùnrin ni títí di òní. Nínú ilé, kálukú ti ń wo fóònù tirẹ̀. Àríyànjiyàn pálọ̀ ti ń pa rẹ́. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Àwọn ilé sinimá tuntun ń yọjú: Silverbird Galleria ní Èkó ní 2004, ti Accra Mall ní 2008. Wọ́n mọ́, wọ́n tutù, obìnrin lè wọ ibẹ̀ láìsí ìtìjú. Ó dára. Ṣùgbọ́n owó tíkẹ́ẹ̀tì àti owó ọkọ̀ ti tó owó ọbẹ̀ fún alájàpá, fíìmù Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ní kí gbogbo èèyàn dákẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé sinimá fún Kumasi, kí ó kọ́ ọ síbi tí ará Aboabo lè fẹsẹ̀ rìn dé, kí ó fi fíìmù Twi àti Hausa hàn lọ́sàn-án, kí owó rẹ̀ má wọ́n, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n jiyàn. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, tí àga bá ṣófo, kí ó má sọ pé òǹwòran kò fẹ́ sinimá mọ́.