Kí Bírò Tó Dé

Bírò pupa a máa tàn yàà bí òógùn bá ti kàn án, dúdú a máa yọ́ sára aṣọ iléèwé. Búlúù ló ń dúró. Ìmọ̀ tí mo ní nìyí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, ní agboolé wa lẹ́yìn Ọjà'ba n'Íbàdàn, tí mo ya aago sí ọrùn ọwọ́ òsì mi. Aago mẹ́wàá ààbọ̀ ni mo fi í sí, torí ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń jẹ́ ká jáde lọ ṣeré. Ìyá mi àgbà dì mí lọ́wọ́ mú, ó wò ó títí.

"Ta ló fín ọ báyìí? Kò mà mọ̀ ọ́n fín o."

Bírò ò tíì dáyé nígbà tí òun ń ṣoge. László Bíró, ará Hungary tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́, 1938 ló gba ìwé àṣẹ rẹ̀. Gbọ̀ngàn Mápó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti ṣí i nígbà náà. Bùjé ni àwọn ọmọbìnrin ìgbà tiwọn ń lò. Èso igi kan ni, àwọn onímọ̀ ewéko ń pe igi náà ní Rothmannia. Wọ́n á gún un, wọ́n á fún omi rẹ̀, ẹyọ ìgbálẹ̀ ni kálàmù.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé bùjé kì í dúdú lójú ẹsẹ̀. Afínni ò rí ohun tó ń yà dáadáa. Inú ọkàn ló ti ń wò ó. Ọmọbìnrin náà á lọ sùn, á na apá síta kó má baà fi nu ẹní. Ilẹ̀ á mọ́, aláǹgbá tí wọ́n yà sí i lápá á ti dúdú kirimú. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá fi máa pé, aláǹgbá ti lọ.

Àwọn Ìgbò ní irú rẹ̀, ulì ni wọ́n ń pè é. Uche Okeke, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ẹgbẹ́ ayàwòrán sílẹ̀ ní Zaria ní 1958, gbé e kúrò lára ènìyàn bọ́ sórí bébà, ayé sì mọ̀ ọ́n. Bùjé tiwa ò rí irú alágbàwí bẹ́ẹ̀. Ó ń dùn mí.

Ẹni tó bá fẹ́ èyí tí kò ní parẹ́, abẹ ló ń dojú kọ. Wọ́n á fi kóló ṣá awọ ara wẹ́wẹ́, wọ́n á fi èédú ra ojú rẹ̀. Ọ̀pẹ kan wà lápá ìyá mi àgbà tó ti di búlúù, orúkọ ọkọ rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, àmọ́ lẹ́tà kan ò sí níbẹ̀. Òun ò mọ̀wé, ẹni tó fín in náà ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Bàbá àgbà ló kọ́kọ́ kà á. Bó bá ṣe bùjé ni, ẹjọ́ yẹn ì bá ti parí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Làálì ló kù báyìí. Wọ́n á gé sẹ́lótéèpù wẹ́wẹ́ mọ́ ọwọ́ ìyàwó, wọ́n á fi làálì bò ó, ibi tí téèpù wà á funfun. Pupa ni làálì gidi ń mú wá. Àwọn tó ń fẹ́ kó dúdú kíá ló ń po ohun tí wọ́n fi ń pa irun láró mọ́ ọn, mo sì ti rí ìyàwó kan ní Bẹ́yẹrunkà tí ọwọ́ rẹ̀ lé ròrò bí òdòdó tí wọ́n yà síbẹ̀ ṣe rí gẹ́lẹ́.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ti ka fífín ara ọmọdé àti ilà kíkọ sí èèwọ̀. Máàkà nìkan ló ṣì ń kan ọmọ lára ní Bẹẹrẹ: àwọn tó ń fún wọn ní àjẹsára rọpárọsẹ̀ á kun ìka tó kéré jù lọ́wọ́ òsì, kí wọ́n má baà fún un lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ-ọmọ mi na irú ìka bẹ́ẹ̀ sí mi, ó ní kí n ya aago mọ́ ọn. Mo mú bírò búlúù.

"Bàbá àgbà, kì í ṣe eléyìí o. Èyí tó ń gba ìpè ni kẹ́ ẹ yà fún mi."