Mágínẹ́tà

Àwọn onímọ̀ nípa ìràwọ̀, Robert Duncan àti Christopher Thompson, ló dá orúkọ mágínẹ́tà sílẹ̀ ní 1992 fún irú ìràwọ̀ kan. Òòfà, ohun tó ń fa irin mọ́ra, ni wọ́n fi sọ ìràwọ̀ náà lórúkọ. Bí ìràwọ̀ ńlá kan bá kú, tó bú gbàù, àárín rẹ̀ lè kì pọ̀ títí tí kò fi ní ju nǹkan bíi 20 kìlómítà lọ láti etí kan dé èkejì, síbẹ̀ kó wúwo ju oòrùn lọ. Èyí tí òòfà rẹ̀ le jù nínú irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mágínẹ́tà.

Agbára òòfà yìí ló ń tú jáde bí ìtànṣán X-ray, nígbà mìíràn lójijì. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún 2004, mágínẹ́tà kan tó ń jẹ́ SGR 1806-20 kọ mànà tó fi da òkè ojú òfuurufú ayé wa rú. Síbẹ̀, ó jìnnà sí wa gan-an!

Ìtàn mágínẹ́tà tó wù mí jù ni ti 1E 2259+586, tó ń yípo lẹ́ẹ̀kan láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 7. Irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa ṣàdédé yára sí i. Ìyẹn kò ṣàjèjì. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹrin ọdún 2012, ńṣe ló ṣàdédé falẹ̀, tí ìtànṣán X-ray rẹ̀ sì pọ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ ìṣe “fà” hàn kedere nínú ọ̀rọ̀ òòfà tiwa. Ẹ̀yin olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, ẹ jẹ́ ká máa pe mágínẹ́tà ní ìràwọ̀ olóòfà fáwọn ọmọ wa.