Fífi Mẹ́tílì Kún Amáìnì ní Ìwọ̀n Tí Ó Yẹ: Àgbéyẹ̀wò Láti Etí Ọ̀sà Ìbèṣè

Ìfáàrà

Amáìnì ni àwọn èròjà tí ó ti ara amóníà wá, nígbà tí ọ̀kan, méjì tàbí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú háídírójìn ara náítírójìn rẹ̀ bá fi àyè sílẹ̀ fún èròjà oníkábọ́ọ̀nù, èyí tí mẹ́tílì, kábọ́ọ̀nù kan pẹ̀lú háídírójìn mẹ́ta, kéré jù nínú wọn. Ní Ìbèṣè àti àwọn ìlú apẹja yòókù ní etí ọ̀sà Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, kò sí ẹni tí kò mọ òórùn ẹja òkun tí ó ti ń bàjẹ́. Trimethylamine, amáìnì onímẹ́tílì mẹ́ta tí bakitéríà ń mú jáde lára ẹja, ni ó ń rùn bẹ́ẹ̀, ásíìdì inú ọsàn wẹ́wẹ́ ni ó sì ń pa á. Iye mẹ́tílì tí ó wà lára amáìnì ni ó ń pinnu ìwà àti ìwúlò rẹ̀, nítorí náà mímọ ibi tí a ó ti dúró ni olórí iṣẹ́ yìí.

Ìṣòro àti ọ̀nà àtijọ́

Bí a bá lo methyl iodide, tí ó jẹ́ májèlé, mẹ́tílì kọ̀ọ̀kan tí ó bá wọlé sábà máa ń mú kí náítírójìn túbọ̀ fẹ́ gba òmíràn, títí amáìnì yóò fi di iyọ̀ onímẹ́tílì púpọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò wá. Àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì Eschweiler ní Jámánì ní 1905, àti Clarke ní 1933, fi formaldehyde àti ásíìdì formic yanjú apá kan ìṣòro yìí, torí pé ìṣesí náà ń dá ara rẹ̀ dúró nígbà tí kò bá sí háídírójìn mọ́ lórí náítírójìn. Ọ̀nà yìí ni a fi ń parí azithromycin, oògùn tí ó ń pa kòkòrò àrùn. Síbẹ̀, ó ṣòro láti fi í dúró sórí mẹ́tílì kan ṣoṣo.

Ọ̀nà kátálíìsì

Kátálíìsì ni ohun tí ó ń mú ìṣesí yára láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ tán. Nínú ọ̀nà tí iṣẹ́ onímọ̀ kẹ́mísírì Grigg ní 1981 wà lára ìpìlẹ̀ rẹ̀, kátálíìsì onírin yá háídírójìn lọ́wọ́ mẹ́tánọ́ọ̀lù, ọtí oníkábọ́ọ̀nù kan, mẹ́tánọ́ọ̀lù náà di formaldehyde, ó so mọ́ amáìnì, kátálíìsì sì dá háídírójìn padà. Omi nìkan ni ó ṣẹ́kù, bí a bá sì yan irin àti ìwọ̀n ooru dáadáa, a lè dúró sórí mẹ́tílì kan. Ní 2013, àwọn olùwádìí ní Rostock àti Aachen lo irin ruthenium láti fi kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì àti háídírójìn ṣe orísun mẹ́tílì.

Ìwúlò fún agbègbè yìí

Ọ̀rọ̀ yìí kan etí ọ̀sà gbọ̀ngbọ̀n. Ilé iṣẹ́ iná Egbin ní Ìkòròdú, tí a kọ́ fún mẹ́gáwáàtì 1,320, ń sun gáàsì, ó sì ń tú kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì sójú ọ̀run, nígbà tí ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, tí a ṣí ní 2022, ń ṣe amóníà. Ohun èlò amáìnì méjèèjì wà nítòsí, ṣùgbọ́n ọ̀nà yìí tún nílò háídírójìn, èyí tí a sì fà yọ láti inú gáàsì tún ń tú kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì jáde, nítorí náà èrè tòótọ́ wà nínú èyí tí a fi iná oòrùn yọ láti inú omi. Ruthenium sì wọ́n. Kátálíìsì tí a fi irin lásán tàbí mánganíìsì ṣe ni ó yẹ kí Yunifásítì Sáyẹ́ǹsì àti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ìkòròdú, àti àwọn yunifásítì yòókù, fi tọkàntọkàn wádìí.