Ilẹ̀ tí wọ́n ní kò ní onílẹ̀: ìtàn igbó àti òfin igbó ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù keje ọdún 1935, ìjọba Faransé gbé òfin kan jáde tí ó kan gbogbo igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kọkànlá ọdún kan náà, òfin mìíràn tẹ̀ lé e, èyí tí ó kan ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Èrò mẹ́ta ni ó wà nídìí àwọn òfin wọ̀nyí: ilẹ̀ tí ó ṣófo, ilẹ̀ tí kò ní ẹni tí ó ni ín, ilẹ̀ tí a kò lò fún ohun tí ó ju ọdún mẹ́wàá lọ. Ilẹ̀ tí ó bá bọ́ sábẹ́ àpèjúwe yìí, ti ìjọba ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ igbó fi le tó bẹ́ẹ̀ láàrin onílẹ̀ àti ìjọba ní agbègbè Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Pọ̀bẹ̀, ibẹ̀ ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé kò sí ọ̀kan nínú èrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a lè sọ ní Yorùbá tí etí ọmọ onílẹ̀ kò ní kọ̀ ọ́.

Yorùbá kì í fi orúkọ kan ṣoṣo pe gbogbo ibi tí igi ti hù. Ẹgàn ni igbó dídí tí àdá kò tíì kàn rí. Igbó lè jẹ́ ẹgàn, ó sì lè jẹ́ ibi tí a ti dáko rí tí igi tún ti gbà padà. Ọ̀dàn ni ilẹ̀ koríko tí igi dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú rẹ̀, irú èyí tí ó pọ̀ ní apá Ṣábẹ̀ẹ́. Ijù ni ibi jíjìn tí ó jẹ́ pé ọdẹ nìkan ní í dé ibẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó sì ní ẹni tí àṣẹ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ilẹ̀ oko jẹ́ ti ìdílé tí baba ńlá wọn kọ́kọ́ ṣán an. Igbó orò wà lọ́wọ́ àwọn awo. Ọ̀rọ̀ ijù kò sì ṣeé sọ lẹ́yìn olórí ọdẹ. Olórí ìdílé kò lè dá ilẹ̀ tà: iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó pín in fún àwọn ọmọ ìdílé, kí ó fi àlejò sí ibi tí àyè bá wà, kí ó sì gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àlejò náà, kì í ṣe láti fi là, bí kò ṣe kí àlejò má baà gbàgbé ẹni tí ó fún un ní ilẹ̀. Ògbufọ̀ tí ó bá ní kí òun túmọ̀ «terres vacantes et sans maître», àfi kí ó wí pé «ilẹ̀ òfìfo tí kò ní onílẹ̀». Ọ̀rọ̀ tí ó ń bi ara rẹ̀ ṣubú ni èyí. Bí ènìyàn kankan kò bá tilẹ̀ sí níbẹ̀, àwọn àgbà ń pe ẹ̀mí tí ó ni ilẹ̀ ní Onílẹ̀, wọn a sì bọ ọ́ kí wọ́n tó gbẹ́ ibẹ̀.

Ti ọdún mẹ́wàá ni ó burú jù. Iṣu ni olórí oko ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ Kétu, iṣu kì í sì í ṣe ohun tí a ń gbìn sí ilẹ̀ tí ó ti rẹ̀. Ilẹ̀ titun ni ó ń fẹ́, tàbí ilẹ̀ tí ó ti sinmi pẹ́. Àgbẹ̀ a ṣán igbó, a gbin iṣu, a fi àgbàdo àti ẹ̀wà tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ọdún díẹ̀ a sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ lọ sí òmíràn. Ìgbà tí igi bá tún ga, tí koríko sì ti pòórá lábẹ́ rẹ̀, ni ó tó padà wá, òun tàbí ọmọ rẹ̀. Gbogbo ìdílé ni ó mọ ibi tí oko baba wọ́n wà, wọ́n mọ ìrókò tí ó jẹ́ ààlà, wọ́n mọ ọ̀pẹ tí ìyá ìyá wọ́n gbìn. Ìsinmi lásán ni ohun tí òfin kà sí ìkọ̀sílẹ̀. A lè sọ pé àgbẹ̀ tí ó tọ́jú ilẹ̀ rẹ̀ dáadáa jù lọ, tí ó jẹ́ kí ó sinmi fún ogún ọdún, ni òfin kọ́kọ́ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó lo tirẹ̀ gbẹ, kò sí ẹni tí ó bi í ní ìbéèrè.

Ìdí mìíràn tún wà tí igbó fi pọ̀ ní ilẹ̀ Kétu nígbà tí Faransé dé, ìdí náà sì ni ogun. Ní ọdún 1886, àwọn ọmọ ogun Glele, ọba Dàhómì, dó ti Kétu títí ìlú fi fọ́. Wọ́n sun ún, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú. Yàrà tí ó yí ìlú ká àti ẹnu-ọ̀nà Àkàbà Ìdènà ni ó kù. Fún ọdún bíi mẹ́jọ, kò sí ẹni tí ń ṣán oko níbẹ̀ bí i ti àtẹ̀yìnwá. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Béhanzin ni àwọn tí ó ṣẹ́ kù gba ọ̀nà ilé, tí a sì tún ìlú dá ní 1894. Ṣùgbọ́n Kétu tí ó padà kò tó Kétu tí ó lọ. Àwọn abúlé tí ó wà ní ẹ̀yìn odi ti di igbó, kò sì sí ọwọ́ tí ó tó láti ṣán gbogbo rẹ̀. Ogun Dàhómì dé Ṣábẹ̀ẹ́ pẹ̀lú. Igbó tí àwọn òyìnbó bá níbẹ̀, apá kan nínú rẹ̀ kì í ṣe ẹgàn rárá. Oko àwọn ẹrú àti àwọn òkú ni.

Ohun tí ó wá tẹ̀ lé e kò jẹ́ kí ilẹ̀ kún. Àdéhùn tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 1889 ti gé ilẹ̀ Kétu sí méjì, tó bẹ́ẹ̀ tí ààlà fi la Ìlárá kọjá. Owó orí, iṣẹ́ àfipáṣe àti kíkó àwọn ọ̀dọ́ sí iṣẹ́ ológun mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn sá kọjá sí apá Gẹ̀ẹ́sì, A. I. Asiwaju ti tọ́ka sí èyí nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1976 lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ àwọn aláwọ̀ funfun. Àwọn Ọ̀họ̀rí kò sá. Wọ́n wọ inú àbàtà àti igbó tiwọn, wọ́n sì dojú ìjà kọ Faransé lábẹ́ Otutubiojo nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ìjọba tí ó lé àwọn ènìyàn kúrò lórí ilẹ̀ ni ó padà wá sọ ní 1935 pé ilẹ̀ náà ṣófo.

Láti ìgbà náà títí di àárín àwọn ọdún 1950 ni wọ́n yà àwọn igbó ìjọba sọ́tọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Igbó Kétu àti igbó Dogo wà lára wọn, àwọn méjèèjì pọ̀ ju 40,000 hẹ́kítà lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni igbó Tùì àti Kilibo ní apá Ṣábẹ̀ẹ́. Òfin kò yà wọ́n sọ́tọ̀ láìjẹ́ pé ó fún àwọn ará ibẹ̀ ní àyè láti fi ẹ̀hónú hàn: ìgbìmọ̀ kan ń jókòó, kòmándà wà nínú rẹ̀, a sì ń lẹ ìwé ìkéde mọ́ ara ògiri. Èdè Faransé ni ìwé náà wà. Lẹ́yìn tí a bá ti ya igbó sọ́tọ̀, àwọn tí ó wà nítòsí ṣì lè ṣẹ́ igi gbígbẹ, kí wọ́n já ewé oògùn, kí wọ́n ṣa èso, ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ dáko mọ́. Lójú òfin, àánú ni ìjọba ṣe fún wọn. Lójú onílẹ̀, àlejò ni a sọ ọ́ dà ní ilé ara rẹ̀. Òfin yìí tilẹ̀ tẹ̀ lé e dé oko, nítorí pé ó dárúkọ àwọn igi tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé láìgba àṣẹ. Igi òrí, tí àwọn obìnrin Ṣábẹ̀ẹ́ ti ń dá sí nínú oko láti ayébáyé láìsí òfin kankan, wà lára wọn.

Ọ̀rọ̀ iná kò gba àlàyé púpọ̀. Ọdẹ ọ̀dàn mọ̀ pé iná tí a tètè dá, kété tí òjò bá dáwọ́ dúró, kì í pa igi, nítorí pé ìdí koríko ṣì tutù. Iná ìgbà ọyẹ́ ni apanirun. Àwọn òṣìṣẹ́ igbó kọ́kọ́ ń jẹ ẹni tí ó bá dáná níyà. Lẹ́yìn náà ni àwọn fúnra wọn ń kọ́ni ní iná àtètèdá.

Igi gbígbìn ni ó tún bí ìjà mìíràn. Nínú àṣà, ẹni tí a fún ní ilẹ̀ lè gbin iṣu, àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbin ọ̀pẹ tàbí obì láìgba ohùn onílẹ̀. Ohun tí ó wà fún ọdún kan kì í ba ilẹ̀ jẹ́ mọ́ onílẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tí yóò wà fún ogójì ọdún ń sọ ẹni tí ó gbìn ín di alábàápín. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bá dé abúlé, tí wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn gbin igi, tí àwọn kan sì kọ̀, ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè wọ́n. Àlejò ń bẹ̀rù pé onílẹ̀ yóò lé òun. Onílẹ̀ ń bẹ̀rù pé àlejò yóò jókòó pa. Lẹ́yìn òmìnira, òfin 61-26 àti 61-27 ti ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1961 fẹ́ fi ipá tú ìdí ìjà yìí: ní gúúsù Dàhómì, ìjọba kó ilẹ̀ àwọn ìdílé pọ̀ fún oko ọ̀pẹ ńlá, ó sì sọ àwọn onílẹ̀ di ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ilẹ̀ kò kúrò lórúkọ wọn. Ọ̀pẹ tí ó wà lórí rẹ̀ ni kì í ṣe tiwọn, èyí tí àṣà kò fi ìgbà kan gbà rí, àfi tí onílẹ̀ bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Igbó orò ní ìtàn tirẹ̀. Kò sí òfin Faransé tí ó pa á mọ́. Èèwọ̀ ni ó pa á mọ́. Nígbà ìpolongo tí ìjọba Ìyípadà ṣe lòdì sí àjẹ́ láti ọdún 1975, wọ́n gé ìrókò àti igi oṣè tí ó wà ní ojúbọ ní ọ̀pọ̀ ìlú. Síbẹ̀, ìwádìí ọdún 1998 ka igbó ọ̀wọ̀ 2,940 ní gbogbo Bẹ̀nẹ̀, tí gbogbo wọn jẹ́ 18,360 hẹ́kítà: èyí ni pé ìpín kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bíi hẹ́kítà mẹ́fà lọ. Ó kéré, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni irúgbìn igi tí kò sí lóko mọ́ wà. Ní oṣù kọkànlá 2012 ni àṣẹ àwọn mínísítà wá là á kalẹ̀ bí a óò ṣe máa tọ́jú wọn, kí àwọn tí ó ni wọ́n sì ní ohùn níbẹ̀.

Òfin igbó 93-009 ti ọjọ́ kejì oṣù keje 1993 gbà pé ẹni kọ̀ọ̀kan lè ní igbó tí ó jẹ́ tirẹ̀, àti pé ìjọba lè bá àwọn tí ó yí igbó rẹ̀ ká dá àdéhùn ìtọ́jú. Òfin 2007 gbà pé kí a kọ ẹ̀tọ́ àṣà sílẹ̀ ní abúlé. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 2013 sì rọ́pò rẹ̀. Láti ìgbà náà, ìwé tí ìdílé kan lè fi àṣà gbà lórí ilẹ̀ rẹ̀ ń jẹ́ «attestation de détention coutumière». Ọ̀rọ̀ náà «détention» kò jẹ́ ohun kan náà pẹ̀lú «propriété»: ẹni tí ilẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ń sọ, kì í ṣe ẹni tí ó ni ilẹ̀. Bí a bá túmọ̀ méjèèjì sí «onílẹ̀» nínú ẹ̀kọ́ kíkà, bàbá tí ó tẹ ìka mọ́ ìwé yóò rò pé ọ̀nà ti tán, nígbà tí ó jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn. «Ẹni tí ilẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀» gùn ju «onílẹ̀» lọ, ó sì lè má dùn mọ́ bàbá náà nínú, ṣùgbọ́n òun ni ohun tí ìwé náà wí.